Àga Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Màmá Ọ́fíìsì, akọ̀wé mi, padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sinmi títí oṣù yóò fi parí, àmọ́ nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn dókè ní aago mẹ́jọ, ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí, mo sì ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ilé ti dákẹ́ jù, pé níbí, ó kéré tán, tẹlifóònù a máa dún.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé já bọ́ sódò láti orí afárá. Ọmọ mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mẹ́sàn-án ò jáde láàyè. Ọmọ-ọmọ Màmá Ọ́fíìsì wà lára mẹ́sàn-án yẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí gbogbo wa ń pè ní Alábéèrè. Ọ̀dọ̀ Màmá ló ń gbé. Lọ́sàn-án, iwájú ilé yìí ni bọ́ọ̀sì ti máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Awakọ̀ a fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, Màmá a sì lọ mú un. Yóò wá jókòó sábẹ́ tábìlì wọn, yóò máa ya àwòrán, yóò máa bi wá ní nǹkan. Ọjọ́ kan ó bi mí pé àwọn tó ń wá sunkún lọ́dọ̀ mi, ṣé wọ́n máa ń kó ẹkún wọn lọ padà ni àbí wọ́n ń fi í sílẹ̀ níbí. Mo ní wọ́n ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ àga.

Òjò láti àárọ̀. Ẹni mẹ́rin ló wá, gbogbo wọn nítorí bọ́ọ̀sì yẹn. Màmá kọ orúkọ wọn sínú ìwé, wọ́n sì bu omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ojú Màmá gbẹ táútáú.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Dókítà ilé ìwòsàn pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ní ẹnì kan tí mo gbọ́dọ̀ rí. Wọ́n ti bá a lẹ́ẹ̀mejì lórí afárá ní ìdájí, ó dúró, ó ń wo odò, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo ní kí ó máa bọ̀. Dókítà wá ní, "Awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ni."

Mo ní kí ó fún mi láyè kí n rò ó. Ẹlòmíràn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn bíi tèmi, ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ ni, ọkùnrin yìí ò sì lè wọ ọkọ̀ kankan mọ́. Dókítà ní, "Ẹ rò ó. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rò ó pẹ́ jù, ẹ lè má bá ẹni tí ẹ ń rò ó fún."

Ní gbogbo ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀, Màmá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń to fáìlì.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Mo pe olùkọ́ mi àgbà, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, etí wọn sì ti ń di díẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo wà, mo ti gbogbo gíláàsì pa kí n lè máa pariwo ọ̀rọ̀ àṣírí. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà. Kí n kọ̀ fún ọkùnrin náà, kí n sì bá a wá ẹlòmíràn, tàbí kí n gbà á, kí n sọ fún Màmá Ọ́fíìsì kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn mi.

"Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì ni kí o ṣe," wọ́n ní. "Má ṣe èyí tó wà láàárín."

Èyí tó wà láàárín ni mo ṣe. Mo pe dókítà pé mo gbà. Mo wá sọ fún Màmá pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga, pé kí wọ́n máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n máa wọlé ní aago mọ́kànlá. Irọ́ kọ́. Ìfúnpá wọn ga lóòótọ́. Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí gan-an ò rántí béèrè ìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní aago méje. Ó ní òun ò lè gba iwájú, pé ibẹ̀ lòun ti máa ń fọn fèrè. Nítorí náà ó mọ ibi tó wà, ó sì mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbí. Ó béèrè bóyá Màmá wà lórí ìjókòó. Mo ní wọn ò sí. Àwa méjèèjì dákẹ́ lé ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni jọ jalè.

Kò jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ká ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga, á tó ẹni àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù bó ṣe wù ú. Ìgbà tó fẹ́ máa lọ ló tó tún la ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi."

Mo ní mi ò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á padà wá.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Màmá bá ẹrẹ̀ bàtà lára ògiri. Wọ́n béèrè ta ló gbé ẹsẹ̀ lé e. Mo ní èmi ni. Wọ́n wò mí, wọ́n lọ bu omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà

Ó jókòó lónìí, ní etí àga, bí ẹni tí wọ́n máa tó lé dìde. Ó ní òun ṣì ń kà wọ́n láràárọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, á máa fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí, tí ojú rẹ̀ bá ti là lórí ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà, á kà dé mẹ́rìnlá, á wá dúró nínú afẹ́fẹ́.

Mo kọ́ ọ bó ṣe máa tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó máa dárúkọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nínú yàrá. Tábìlì. Ife. Aago. Ìwé. Ó ń pè wọ́n bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé. Ó ní tó bá ṣeé ṣe kóun máa gbé inú yàrá yìí, òun lè yè é.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Ohun rere kan péré lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ télọ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá tó yọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kì í fẹ́ rí ọkọ̀ sójú, fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Mo pa á. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ han òun. Mo fi hàn án, mo sọ ọ́ sápò. Ó na ìka kan, ó fi kàn án, ó ní ó gbóná, ó sáré padà. Màmá Ọ́fíìsì ló pàtẹ́wọ́ fún un láti orí àtẹ̀gùn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí agbára yẹn. Ọmọ náà àti Alábéèrè, ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ ń pín nínú bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹfà

Ìlú ń sọ pé ó ti mutí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Awakọ̀ ní ọtí ò kan ẹnu òun rí láyé. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, kò bá a jà, ó kàn di ẹrù. Awakọ̀ ní òun ò dá a lẹ́bi, pé tóun bá lè fi ara òun sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí òun, òun náà ì bá ti lọ.

Ó sùn wákàtí méjì lálẹ́ àná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni kọ èrè.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹfà

Òjò ò dá. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú wá síbi iṣẹ́ kí n má bàa gba orí afárá. Epo ọkọ̀ tún ti gbówó lórí, ọ̀nà ẹ̀yìn sì fi ogún ìṣẹ́jú jìn ju ti orí afárá lọ. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti fọwọ́ kan ọkọ̀.

Ìyá mi, tó ń gbé pẹ̀lú mi, ní mo ti rù. Wọ́n béèrè irú iṣẹ́ wo gan-an ló ń jẹ mí lára báyìí. Mo ní mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ni, ìyẹn náà sì ń rẹ ènìyàn. Wọ́n ní, "Kí o jókòó máa gbọ́ àròyé? Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ bàbá rẹ, kò sẹ́ni tó fún mi níwèé ẹ̀rí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Omi náà ò tètè dá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Keje

Ó sọ ọ́ lónìí. Mi ò kọ ọ́ sínú fáìlì. Ibí nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Ó ní ọ̀rọ̀ bíréèkì tí àwọn mẹkáníìkì ń sọ, òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún ẹni tó ni ilé-ìwé pé bíréèkì ò dì mú mọ́, wọ́n ní kó ṣì máa lò ó títí wọ́n á fi gba ìsinmi. Ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ̀ náà. Ó mọ̀ pé òun ní láti tètè tẹ̀ ẹ́, kí ó tó dé ibi tí ọ̀nà ti yí wọ afárá, pàápàá tí òjò bá rọ̀. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́jọ́ yẹn kò tètè tẹ̀ ẹ́, nítorí ó yíjú sẹ́yìn.

"Ọmọ Màmá ló bi mí ní nǹkan," ó ní. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ò bá wojú rẹ̀ nígbà tó bá ń bi yín ní nǹkan, kò ní í gbà pé ẹ gbọ́, á tún un bi yín. Mo yíjú kí n lè wò ó."

Mo béèrè ohun tó bi í.

"Ó ní, ṣé ẹja máa ń sùn."

Ó ní òun ti ya ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aago mọ́kànlá, Màmá gun àtẹ̀gùn wá, wọ́n ní ìfúnpá àwọn ti wálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ra búrẹ́dì bọ̀ fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Keje

Mo pe olùkọ́ mi àgbà, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Wọn ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ní ó ti di méjì báyìí: mo fi ọkùnrin náà pamọ́ fún Màmá, mo sì tún ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ Màmá pamọ́ fún wọn. Èkejì yìí, iṣẹ́ mi ni. Èkíní kì í ṣe iṣẹ́, ìbẹ̀rù ni. Wọ́n ní kí n sọ èkíní fún Màmá lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Keje

Mi ò sọ ọ́. Orí ń fọ́ Màmá lónìí. Mo ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ìfúnpá wò ò wá síbi iṣẹ́. Wọ́n dá gbogbo ènìyàn padà kí aago méje tó lù, Màmá sì wá sí ọ́fíìsì tààrà.

Inú yàrá ni mo wà, mò ń wá gègé. Awakọ̀ wà níta, níbi tí wọ́n ti ń dúró dè mí. Mo gbọ́ ohùn Màmá, "Ẹ káàárọ̀," bí wọ́n ṣe máa ń kí gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo jáde, awakọ̀ ti dìde, ó dorí kodò. Màmá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, páálí oògùn lọ́wọ́ wọn.

Wọn ò pariwo. Wọ́n lọ sídìí tábìlì wọn, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ láì béèrè. Wọ́n bu omi, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Wọ́n wá wò mí.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," wọ́n ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yanjú ìṣirò kan.

Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ ò mu omi náà.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje

Mo lọ sílé wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n fún mi ní tíì. Bàtà ilé-ìwé ọmọ náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti múra sílẹ̀ láti sọ: dókítà, afárá, wákàtí mẹ́ta, kò sí ẹlòmíràn. Wọ́n gbọ́ mi parí.

"Dókítà, mi ò bínú pé ẹ tọ́jú rẹ̀. Tí ẹ bá ti bi mí ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Bóyá ǹ bá kọ̀. Bóyá ǹ bá ní kí ó máa bọ̀, kí èmi máa jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ rán mi lọ yẹ ìfúnpá. Mo ń sọ fún gbogbo ará ilé ìwòsàn pé ọ̀gá mi fẹ́ràn mi." Wọ́n gbé ife mi sún mọ́ mi. "Àga yẹn, èmi ni mo ń nù ún láàárọ̀ Ọjọ́rú."

Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Keje

Èmi nìkan ní ọ́fíìsì, Màmá ò padà wá. Tẹlifóònù ń dún nígbà tí mo bá wà pẹ̀lú ènìyàn nínú yàrá, mi ò lè gbé e. Ọ̀rọ̀ ti tàn. Kò dájú pé Màmá ló sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti rí awakọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Káfíńtà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá bọ́ọ̀sì yẹn lọ, tó ti ń wá láti ọjọ́ kìíní, rán ìwé sí mi: òun ò lè máa sunkún síbi tí ẹni yẹn ti ń sunkún. Ẹni mẹ́ta mìíràn ò wá, wọn ò sì rán nǹkan kan. Ẹnì kan fi ẹrẹ̀ pa orúkọ mi rẹ́ lára pátákó ìsàlẹ̀. Òjò ọ̀sán fọ̀ ọ́ kúrò.

Télọ̀ ṣì mú ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà jókòó sínú ọkọ̀ mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó ka àádọ́ta, ó jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Keje

Ọ̀túnla ni ìgbìmọ̀ ìwádìí fẹ́ gbọ́ ẹnu awakọ̀. Lọ́yà rẹ̀ ní kó dì mọ́ ọ̀rọ̀ bíréèkì, kó má sọ nǹkan mìíràn, pé bíréèkì nìkan ti tó láti gbà á sílẹ̀. Ó bi mí ní ohun tó yẹ kóun ṣe. Mo ní mi ò lè bá a yàn. Ó ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tó bá dé ojú ẹ̀." Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Keje

Mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngán. Màmá wà níwájú, láàárín àwọn òbí, wọ́n wé gèlè dúdú. Wọ́n pe awakọ̀, ó dìde, ó ní bíréèkì ò mú. Wọ́n béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà. Ó ní rárá.

Gbogbo gbọ̀ngán mí kanlẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú ẹni tó ni ilé-ìwé lọ láti ibẹ̀. Níta, obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú di awakọ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní kó máa lọ sinmi. Mo rí Màmá tí wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Irin ló ṣe é. Ènìyàn lè fi ẹ̀bi lé irin lórí kí ó sùn.

Nínú gbọ̀ngán yẹn, èmi àti òun nìkan ló mọ̀. Mo wò ó láti òkèèrè. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ń sin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Keje

Kò wá. Aago méje àbọ̀, mo pè é, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo ju ìwé sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀, mo wa ọkọ̀ lọ sí afárá. Ìgbà tí mo dé àárín rẹ̀ ni mo tó rántí pé ó ti ju oṣù méjì lọ tí mo ti ń sá fún un. Mo dúró. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Odò ti kún, ó ń gbé igi lọ. Mo di irin etí afárá mú, mo ń dárúkọ nǹkan bí mo ṣe kọ́ ọ: irin, omi, igi, ọwọ́ mi.

Aago mẹ́wàá ni dókítà tó pè. Awakọ̀ ti dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ láti òwúrọ̀, ó ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ tún ọ̀rọ̀ òun sọ.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Gbogbo ìlú ti gbọ́. Ó sọ pé òótọ́ ni bíréèkì, ṣùgbọ́n òun yíjú kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ọmọ kan bi òun ní nǹkan. Wọ́n béèrè ọmọ wo. Ó ní òun ò ní í sọ. Wọ́n tún un bi í, lọ́yà rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, alága ìgbìmọ̀ fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà á. Ó ní ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe ti ọmọ, kò sì sí ẹni tí òun máa fi orúkọ ọmọ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ti tì í mọ́lé.

Àwọn tó di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́sẹ̀ tó kọjá ti lọ fọ́ ìyókù gíláàsì ilé rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Aago méje àárọ̀ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Màmá ni. Wọn ò jókòó sídìí tábìlì wọn. Wọ́n wọ inú yàrá mi, wọ́n jókòó sórí àga yẹn, wọ́n gbé báàgì lé itan.

"Mi ò ní í bi yín ní ohun tó sọ fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè sọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi to fáìlì yín, mi ò ṣí ọ̀kan wò rí. Mo kàn fẹ́ wo ojú yín ni."

Wọ́n wò ó. Mo gbìyànjú láti kó gbogbo nǹkan kúrò lójú mi, bí a ṣe máa ń ṣe.

"Ọmọ tèmi ni, àbí?"

Mi ò dáhùn. Mi ò mi orí. Ọkọ̀ kan kọjá nísàlẹ̀, wọ́n dúró kí ariwo rẹ̀ lọ.

"Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀," wọ́n ní, "ohun tí mò ń rí nìkan ni pé ẹ̀rù ń ba ọmọ mi. Pé ó ń wo omi tó ń bọ̀. Pé ó ń pè mí. Tó bá jẹ́ pé ó ń bi awakọ̀ ní nǹkan ni, a jẹ́ pé kò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀." Wọ́n fa báàgì mọ́ra. "Àmọ́ èmi ni mo kọ́ ọ kí ó máa béèrè. Ìyá rẹ̀ a ní kí n jẹ́ kó máa dákẹ́, mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ká ní mo ti kọ́ ọ kó dákẹ́ nínú ọkọ̀…"

"Rárá, Màmá."

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Wọ́n gbé ojú sókè. A jọ mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ká ní kì í ṣe ọmọ wọn ni, kí ni mo ń sọ rárá sí?

"Ẹ ṣeun," wọ́n ní.

Wọ́n wá sunkún níkẹyìn. Ó pẹ́. Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò ṣe dókítà, mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹjọ

Ogún ọdún ni mo fi pa àṣírí mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló tú u.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n jẹ́ kí n rí awakọ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, yàrá kan tó ní tábìlì àti ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn. Wọ́n ti gé irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun ń sùn wákàtí márùn-ún báyìí, ìtìjú ló fi sọ ọ́.

Mo sọ fún un pé Màmá ti mọ̀, pé ẹnu mi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó béèrè bóyá wọ́n sunkún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn," ó ní. "Kì í ṣe nísinsìnyí. Lọ́jọ́ kan, tí wọ́n bá lè fara da kí wọ́n rí mi. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi tí mo lè fún wọn nìyẹn."

Mo ní kó má bínú. Ó ní inú ò bí òun. Ó ní kí n má wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n ń wo òun, pé tóun bá tún fẹ́ rí mi, òun á ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹjọ

Kò ránṣẹ́. Ọmọ télọ̀ wọ ọkọ̀ mi dé òpin òpópónà, a rìn bọ̀ padà.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kẹjọ

Mo pàdé Màmá Ọ́fíìsì lónìí, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n gbé àpò kan dání, agboòrùn ní apá kejì. Mo rí wọn kí wọ́n tó rí mi. Ó yẹ kí n sáré lọ kí wọn, àgbà ni wọ́n, èmi ni ọmọdé. Mo dúró bí òpó iná.

Wọ́n rìn dé iwájú mi, wọ́n dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà," wọ́n ní.

Mo dáhùn.

Wọ́n béèrè ta ló ń bá mi gbé fóònù báyìí. Mo ní kò sẹ́nì kankan, mo máa ń jẹ́ kó dún ni. Wọ́n ní ìyẹn ò dáa, ẹni tó bá ti pe irú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò rẹ́ni gbé e, ó lè má pè mọ́. Wọ́n sọ orúkọ ọmọbìnrin kan tó ń gbé ládùúgbò wọn, tó mọ̀wé kọ, tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n ní kí n gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní àwọn á wá fún ọ̀sẹ̀ kan, láti fi iṣẹ́ hàn án, lẹ́yìn náà àwọn ò ní í wá mọ́.

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí agboòrùn, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì sọdá.